ÌTÀN BÀBÁ ALÁDÙÚRÀ, MÓSÈ ORÍMÓLÁDÉ TÚNỌLÁṢE, ẸNI TÍ ÌJỌ ONÍJỌ GBÀ LÁLEJÒ

Àwọn alàgbà ní kí akọ̀wé kọ ìtàn ẹnì kan nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa sínú ìwé àjọ̀dún yìí, mo sì mú Mósè Orímóládé Túnọláṣe, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Aládùúrà. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ aládùúrà tí kò tí ì gbọ́ orúkọ náà rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀, iṣẹ́ ìyanu ló máa ń gba ẹnu wa kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tí a máa ń fò kọjá. Ọkùnrin yìí lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ láìní ìjọ tirẹ̀. Ilé onílé ló ń sùn, ṣọ́ọ̀ṣì oníṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń wàásù, nígbà tí Ọlọ́run sì wá fún un ní ọmọ lẹ́yìn, ọmọ ìjọ ẹlòmíràn ni wọ́n.

Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1879. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí náà ni, nítorí náà ọmọ ilé ni. Túnọláṣe ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìdílé ọba sì ni bàbá náà ti wá. Odijoroto ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Orímóládé yóò mọ̀ pé orí ló mú ọlá dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọlá tí ojú ènìyàn ń wọ̀nà fún ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọmọ náà kò lè rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri agbo ilé, òun jókòó sójú kan. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí èyí jẹ́ láyé ìgbà náà, pàápàá nínú ilé ọba. Ta ni yóò rán an lóko? Ta ni yóò fi oyè lọ̀ ọ́?

Ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ti ń wọ ilẹ̀ Àkókó bọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Ìjọ C.M.S., èyí tí a ń pè ní Áńglíkà, ló fìdí múlẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ni wọ́n ń pè ní Stífánù Mímọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní òru ọjọ́ kan, ẹni tó ń ṣe àkóso ìjọ náà rí ìmọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tì pa, ó sì ń gbọ́ orin. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí akọrin kankan níbẹ̀, àfi ọmọ Túnọláṣe tí kò lè rìn, tó jókòó nílẹ̀ tó ń kọrin. Èmi kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi arọ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní yà á lẹ́nu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá ibi tí yóò ti rí ìsinmi lọ. Ẹ sì fi ọkàn sí i pé ṣọ́ọ̀ṣì Áńglíkà ló ti rí i. Kò sí ìjọ aládùúrà kankan nílé ayé wa nígbà náà.

Bó ti ń dàgbà, wọ́n ní ó lá àlá kan, nínú èyí tí ańgẹ́lì ti mú nǹkan mẹ́ta wá fún un: ọ̀pá, ohun ẹ̀yẹ ọba, àti adé. Àwọn bàbá wa túmọ̀ rẹ̀ pé ìṣẹ́gun ni, àti agbára àdúrà, àti ọ̀wọ̀ láàrin ènìyàn. A tún sọ fún un pé kí wọ́n bu omi odò tó ń ṣàn wá, kó fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde. Ibí yìí ni àwa oníwàásù ti máa ń pariwo halelúyà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀. Kò dìde bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe rí. Ó ń tiro títí ó fi kú. Ọkùnrin tó rìn ju gbogbo wa lọ nítorí ìyìn rere, ẹsẹ̀ tí kò gún ló fi rìn ín.

Láti Ìkàrẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ó lọ sí Ìrun, tí kò jìnnà síbẹ̀, ìtàn sì sọ pé ó kojú òrìṣà ńlá kan tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù. Ó kọjá ní ilẹ̀ Oǹdó, ó dé Bìní, ó dé ìhà Wárì, ó yí padà sí òkè, ó gba Kàbà kọjá, ó dé Lọ́kọ́ja, títí wọ ilẹ̀ Haúsá lọ, kó tó gba Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá padà. Kò mọ ìwé kà. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló jẹ́rìí pé ó máa ń tọ́ka sí orí àti ẹsẹ̀ Bíbélì láìṣí ìwé, àwọn tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn á sì máa ṣí i wò, wọ́n á bá a bẹ́ẹ̀. Owó kì í ṣe ohun tó ń wá. Kò ní ìyàwó, kò kọ́ ilé. Irun orí rẹ̀ gùn, ó ń tẹ ọ̀pá, ẹni tó bá sì gbà á lálejò lóun ń bá gbé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Ní gbogbo ìrìn yìí, Orímóládé kò dá ìjọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ìlú kan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde láti sun ún, kì í sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ilé ìsìn kan ní orúkọ òun. Ìjọ tó bá ti wà nítòsí ni yóò ní kí wọ́n lọ. Bó bá ṣe C.M.S. ni, kí wọ́n lọ síbẹ̀. Bó bá ṣe Mẹ́tọ́díìsì ni, kí wọ́n lọ síbẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí ní ìlú náà, á gbé ọ̀pá rẹ̀, ó di ìlú kejì. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa yìí ṣe kún sí i ní ọdún wọ̀nyẹn, tí àwọn pásítọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé arọ kan láti Ìkàrẹ́ ló ń rán ènìyàn sí wọn. Èmi kò mọ̀ bóyá lónìí a lè rí ajíhìnrere kan tí yóò jèrè ọgọ́rùn-ún ọkàn, tí yóò sì kó gbogbo wọn fún ìjọ tó wà ní òdìkejì títì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù July 1924 ló dé Èkó. Àkókò náà kò dára rárá. Àjàkálẹ̀ àrùn tó ti ara eku wá, èyí tó ti pa ẹgbàágbèje ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún yẹn gan-an, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1930. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ ilé, wọ́n ń wó èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n ń kó ènìyàn kúrò nínú àwọn mìíràn. Kò sì tí ì pé ọdún mẹ́fà tí ẹ̀fìnkìn àjàkálẹ̀ ti ọdún 1918 ti gbá ilé mọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ń ba ènìyàn. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ babaláwo lọ́jọ́ Ajé, nítorí wọn kò rí ẹni tí yóò bá wọn gbàdúrà lórí ẹní àìsàn ní àárín òru.

Ẹni tó gba Orímóládé sílé ní Èkó kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe olówó. Emmanuel Olúmodéjì ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tọ́jú Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ti Áńglíkà ní Ẹbúté Èrò. Ẹ mọ irú iṣẹ́ náà: ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó dé, tó sì ń tì í lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Bí akọ̀wé ìjọ, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré ni ìtàn máa ń fún un. Ká ní kò ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò onírun gígùn kan tó ń tiro, bóyá ọ̀nà mìíràn ni ìtàn àwa aládùúrà ì bá gbà. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Orímóládé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, tí wọ́n ń pè é sí ṣọ́ọ̀ṣì kan sí òmíràn, tí àwọn aláìsàn sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, àárín òun àti àwọn aláṣẹ ìjọ náà kò gún mọ́, ó sì kúrò níbẹ̀. Kò bá wọn jà. Ó lọ ń gbé ní ibòmíràn ní Èkó, àwọn tó ń wá a sì wá a débẹ̀. Ìgbà yìí ni orúkọ Bàbá Aládùúrà mọ́ ọn lára.

Ní oṣù June 1925, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí wọ́n bí ní 1907, lọ wo ìwọ́de tí àwọn ará Ìjọ Páádì máa ń ṣe ní Èkó lásìkò àjọ̀dún Ara Olúwa. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Ìjọ Páádì kọ́ ni. Ìran ló lọ wò, bí ọmọdé ti í ṣe. Lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé lórí àwo mímọ́ náà, ó rí ańgẹ́lì kan, ańgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé e délé. Láti ìgbà náà ló ti wọ inú ìran lọ, tí kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́, fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Moiett ló ń gbé. Bàbá náà gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀, kò bọ́ sí i, kó tó di pé wọ́n ránṣẹ́ pe Orímóládé. Ó wá, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí padà sí ayé. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Èkó kíákíá. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, pálọ̀ Moiett kò gba èrò mọ́.

Ní pálọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹgbẹ́, n kò ní ìjọ, mo sì fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ má fò ó kọjá. Àwọn tó kún ilé náà ti ní ìjọ wọn tẹ́lẹ̀. Òmíràn ń lọ sí Áńglíkà, òmíràn ń lọ sí Mẹ́tọ́díìsì, òmíràn wà ní Ìjọ Áfíríkà. Orímóládé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kálukú wà lórí ìjókòó tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á pàdé láti gbàdúrà, láti kọrin, láti sọ àlá wọn àti láti bẹ aláìsàn wò. Akọ̀wé wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ àti ìyá aláṣọ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù gbé lé lórí nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe èyí tó nílò kọ́là àlùfáà: kí wọ́n jí ní òru nígbà tí aládùúgbò bá ránṣẹ́ pè wọ́n, kí wọ́n bu omi sínú abọ́, kí wọ́n gbàdúrà sí i, kí wọ́n dúró ti ẹni náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí ènìyàn ń sá fún ilé tí àìsàn bá wọ̀, àwọn ń wọ inú rẹ̀.

Bí mo bá ń ro èyí, Ìjàpọ̀ wa níbí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ wo ọ̀nà kan ṣoṣo nínú ẹsíteèti yìí: ilé àkọ́kọ́ ọmọ Áńglíkà, èkejì ọmọ Ìjọ Páádì, ẹ̀kẹta Alhaji, ẹ̀kẹrin aládùúrà, ẹ̀karùn-ún ìjọ ìgbàlódé tí gbohùngbohùn wọn kì í sinmi. Ògiri àti géètì là wọ́n láàrin. Púpọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ìkejì wa, àyàfi bí iná mànàmáná bá lọ tí a jọ jáde síta. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Èkó ọdún 1925, gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo ìjọ pọ̀ sójú kan, inú rẹ̀ sì ni Bàbá Aládùúrà ti kó wọn jáde sọ́dọ̀ ara wọn.

Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sì bẹ Ọlọ́run kó fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù September 1925, orúkọ Séráfù wá. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi Kérúbù kún un, tó fi di Kérúbù àti Séráfù, tí wọ́n sì gba Máíkẹ́lì Mímọ́ ní olórí ogun wọn. Wọ́n wọ aṣọ funfun. Àwọn ará Èkó kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹni tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ bá ní ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru, aláṣọ funfun náà ni yóò lọ jí.

Láti nǹkan bí 1927, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán ènìyàn jáde kúrò ní Èkó. Abíọ́dún, tí kò tí ì pé ogún ọdún dáadáa, wà nínú àwọn tó ṣáájú. Wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n lọ sí Ìbàdàn, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ náà sì gba Iléṣà wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Orímóládé fúnra rẹ̀ kò lè rin irú ìrìn àtijọ́ mọ́. Ó jókòó sí Èkó, ó ń gbàdúrà, ó ń rán wọn. Àwọn ìlú kan gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn mìíràn lé wọn. Àwọn tí òógùn ojú wọn dúró lórí oògùn títà kò fẹ́ràn wọn, ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ní ìlú Oǹdó, nítòsí wa níbí, obìnrin oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Christianah Ọlátúnrinlẹ̀. Ó lówó, ó sì lórúkọ. Nígbà tí Séráfù dé Oǹdó, ó fi ara rẹ̀ jìn, ó sì di òpó iṣẹ́ náà débi pé Mama Ondo ni gbogbo ẹgbẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn ìyá tó ga jù lọ nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní ilẹ̀ òkè. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa kò mọ̀ pé láti ìlú Oǹdó ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti jáde, àti pé ìsọ̀ ọjà ló ti wá, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà.

Ìdààmú dé láti ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ìjọ àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àlùfáà kan fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà; wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ìjọ wọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbàdúrà sí i, wọ́n sì ń kó ìfọ́hà kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu wọ́n. Àlá àti ìran wọ̀nyí, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ọmọdébìnrin tó ń wàásù fún àgbàlagbà, ta ló fún un láṣẹ? Kí a má parọ́, ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Àwa náà ń bi ara wa ní irú rẹ̀ nínú ìpàdé alàgbà títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni pé, ní ibi púpọ̀, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mú ọ̀kan: yálà ìjọ tàbí Séráfù. Ènìyàn tó rí ìwòsàn ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Séráfù, ẹ ti mọ ibi tí yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ṣe di ìjọ. Orímóládé kò jókòó kó gbìmọ̀ pé òun fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n ní òrùlé.

Èkejì ló dùn mí jù, nítorí inú ilé ló ti wá. Ní 1929, àárín Bàbá Aládùúrà àti Abíọ́dún, tí wọ́n ti ń pè ní Captain Abíọ́dún, bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ipò: ta ni olùdásílẹ̀, ṣé bàbá nìkan ni tàbí bàbá àti ọmọ? Àwọn àgbààgbà Èkó bá wọn dá sí i, kò níyanjú. Orímóládé kọ̀wé sí i pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó sì lọ. Nígbà tó di 1930, apá mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn Ẹgbẹ́ Aládùúrà tí Ezekiel Davies jẹ́ olórí wọn, tún yà lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń yọ lára ẹ̀ka, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà wọ́n tán mọ́.

Ìwé àjọ̀dún kọ́ ni a ti ń dájọ́, n kò sì ní dá a. Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn àgbà ní apá méjèèjì, olúkúlùkù ló ní ìdí. Èrò tèmi kò ju èyí lọ: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ènìyàn fún ìjọ ẹlòmíràn láìbéèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun síbì kankan, ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá pín ilé rẹ̀. Kò sì sí bí ọkàn rẹ̀ kò ṣe ní gbọgbẹ́. Abíọ́dún fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé, títí di 1994, ó sì ṣiṣẹ́ Olúwa títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ariwo náà pọ̀ jù, Orímóládé kúrò ní àárín Èkó, ó lọ sí Òjòkòrò ní ìhà Agége, níbi tó jẹ́ oko àti igbó nígbà náà. Kò ní ìyàwó tí yóò bá a lọ, kò sì ní ọmọ tó bí nínú ara. Àwọn olóòótọ́ díẹ̀ ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 19 oṣù October 1933, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Abraham William Onanuga ló gba ipò Bàbá Aládùúrà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá gba 1879 ní ọdún ìbí rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Kò tilẹ̀ tó ọjọ́ orí akọ̀wé tó ń kọ ìtàn yìí.

Ilẹ̀ Òjòkòrò kì í ṣe oko mọ́. Ìlú Èkó ti gbé e mì, mọ́tò kò sì jẹ́ kí ènìyàn rọ́nà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aláṣọ funfun sì ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà, láti ilẹ̀ yìí àti láti ìlú òyìnbó. Àwọn tó ń lọ kì í béèrè lọ́wọ́ ara wọn ẹ̀ka wo ni kálukú ti wá. Ọmọ ẹ̀ka Abíọ́dún ń kúnlẹ̀, ọmọ Ẹgbẹ́ Aládùúrà ń kúnlẹ̀, àwọn tí kò wọ sùtánà rí náà ń kúnlẹ̀. Àwọn ìjọ tó bá fẹ́ bá wa rin ìrìn náà lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí akọ̀wé lẹ́yìn ìsìn ọpẹ́. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa nìkan ni a ń gbà sínú ọkọ̀.